Àwo Kan, Etí Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìdí tí Ẹnu Wa Kì í fi Kò lórí Àwo Orin tí Ayé ń Yìn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Onítẹ̀síwájú Ìlú wa, nínú Gbọ̀ngàn Ìlú)

   

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ nípa orin, ó yà wá lẹ́nu díẹ̀. Ọdọọdún ni a ń sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ ilé ìwé nínú gbọ̀ngàn yìí. Ta ni ó tún wá ráyè ọ̀rọ̀ orin? Ṣùgbọ́n nígbà tí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín ní alẹ́ àjọ̀dún èṣín, ó yé wa pé Akọ̀wé mọ ohun tí òun ń ṣe.

Ẹ ó rántí pé àwọn ọmọ wa kan tí wọ́n ti òkè òkun dé gbé orin kan sí ẹ̀rọ, wọ́n sì kéde pé gbogbo ayé ni ó ń yin àwo náà. Kò pẹ́ tí bàbá kan fi ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, pé ariwo ni, kì í ṣe orin. Ọ̀dọ́ kan sì dá a lóhùn pé etí àgbà ti di. Ọ̀rọ̀ di ariwo, àwọn kan dìde, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwo owó tí à ń gbé kiri nítorí òrùlé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa kò tí ì dé ìdajì gbọ̀ngàn yìí nígbà tí àga fi ṣófo. Títí di òní ni òrùlé náà wà bí ó ti wà, àwa tí à ń kọ́ àwọn ọmọ lábẹ́ rẹ̀ sì mọ bí òjò ti ń ṣe wá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ọ̀rọ̀ òní sí ọ̀rọ̀ eré.

Nígbà tí àwọn baba wa kọ́kọ́ rí rẹ́kọ́ọ̀dù giramafóònù, wọ́n rí i pé ó rí roboto, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n bá pè é ní àwo. Lónìí, inú fóònù ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń gbọ́ orin, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fọwọ́ kan rẹ́kọ́ọ̀dù rí, síbẹ̀ bí olórin kan bá kó orin mẹ́wàá tàbí méjìlá jáde pa pọ̀, àwo ni a ṣì ń pè é. Orúkọ náà bá ọ̀rọ̀ wa mu rẹ́gí. Inú àwo kan náà ni a lè bu oúnjẹ sí fún ènìyàn mẹ́ta: ọ̀kan a ní iyọ̀ pọ̀ jù, èkejì a ní ata kò tó, ẹ̀kẹta a sì máa lá ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa gbọ́ àwo orin tuntun kí wọ́n sì máa kọ èrò wọn sínú ìwé ìròyìn. Lámèyítọ́ ni àwọn onímọ̀ èdè wa ń pè wọ́n. Bí lámèyítọ́ púpọ̀ bá pa ohùn pọ̀ yin àwo kan, ìyìn náà a kárí ayé. Ẹni tí ó gbọ́ ìyìn náà a wá àwo ọ̀hún kàn, a gbé e sí ẹ̀rọ, a tẹ́tí, a sì bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Ṣé èyí náà ni wọ́n ń pariwo lé lórí?" Ẹlòmíràn tí ó jókòó tì í a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún ayọ̀. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní 1982, ilé iṣẹ́ Island Records ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àwo King Sunny Adé kan jáde, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Juju Music. Bob Marley, tí ó jẹ́ òléwájú olórin wọn, ti kú ní 1981, wọ́n sì ń wá olórin mìíràn tí yóò ti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú gba ọkàn ayé. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Martin Meissonnier, ni ó bójú tó iṣẹ́ àwo náà. Orin méje ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn lámèyítọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní New York yìn ín gidigidi. Etí wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ibi tí gìtá mélòó kan ti ń dá ara wọn lóhùn, tí gángan ń sọ̀rọ̀ láàárín wọn, tí ẹni tí ń kọrin kò sì pariwo rárá.

Bàbá wa tí ó bí wa ní àwo náà. Ọmọ kékeré ni wá nígbà náà, àwa ni à ń nu eruku orí rẹ́kọ́ọ̀dù kí bàbá tó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Sunny Adé kì í ṣe àlejò nínú ilé wa. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó ti ń lu jùjú tirẹ̀ kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tó mọ̀ ọ́n. Bàbá gbọ́ Juju Music dé òpin, ó mi orí, ó ní, "Sunny náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́." Ó yọ ọ́ kúrò, ó sì gbé èyí tí wọ́n ṣe nílé sí i.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ bàbá wò dáadáa. Àwo jùjú tí a ń ṣe nílé láyé ìgbà náà, ojú kan lè máa lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún láìdúró. Orin kan a wọ inú èkejì. Wọ́n a ki olówó, wọ́n a ki ọ̀rẹ́, wọ́n a pa òwe, wọ́n a tún padà sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí òde àríyá ti rí ni àwo náà rí. Ṣùgbọ́n àwo Lọ́ńdọ̀nù, nítorí àwọn tí kò gbọ́ èdè wa ni wọ́n ṣe ṣe é, a gé orin rẹ̀ kúrú, a sì fi àwọn ohùn tí ẹ̀rọ ń mú jáde kún un. Lámèyítọ́ New York fi àwo náà wé orin tí ń lọ ní ìlú tirẹ̀, ó rí i pé ohun ìyanu ni. Bàbá wa fi í wé alẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jó títí ilẹ̀ fi mọ́, ó rí i pé ó dín. Àwo kan náà ni. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ bí ó ti parí. Ilé iṣẹ́ náà tún gbé Synchro System jáde ní 1983, wọ́n sì dárúkọ àwo náà mọ́ àwọn tí ń du ẹ̀bùn Grammy. Wọ́n gbé Aura jáde ní 1984, nínú èyí tí Stevie Wonder ti fọn hamóníkà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pínyà, nítorí pé títà àwọn àwo náà kò tó bí wọ́n ti retí. Ìyìn lámèyítọ́ kò túmọ̀ sí pé ọjà yóò tà. Nílé níhìn-ín, ẹnikẹ́ni kò sì dúró de ìyìn Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó jó sí orin Sunny.

Kí a má rò pé àwa Yorùbá nìkan ni irú èyí ń ṣe, tàbí pé èdè nìkan ni ó ń fà á. Ẹ jẹ́ kí a wo àárín àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1967, ẹgbẹ́ olórin The Beatles, àwọn ọmọ ìlú Liverpool, gbé àwo Sgt. Pepper's Lonely Hearts Club Band jáde. Ìyìn rẹ̀ kárí ayé, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy ní 1968 gẹ́gẹ́ bí àwo tí ó ta àwọn yòókù yọ. Síbẹ̀, ní oṣù kẹfà 1967 gan-an, Richard Goldstein kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The New York Times pé àwo náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ńṣe ni àwọn òǹkàwé ń fi ìwé ìbínú ránṣẹ́ sí ilé ìwé ìròyìn náà. Èdè kan ni wọ́n jọ ń sọ, àwo kan ni wọ́n jọ gbọ́, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀tá.

Àwọn adájọ́ pàápàá kì í dúró lójú kan. Ní 2003, ìwé ìròyìn Rolling Stone ti Amẹ́ríkà to àwo 500 tí ó kà sí èyí tí ó dára jù lọ lẹ́sẹẹsẹ, Sgt. Pepper ni ó fi ṣe ìkíní. Ní 2020, ó pe àwọn olùdìbò tuntun tí wọ́n ju 300 lọ, ó sì tún ìtò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. What's Going On tí Marvin Gaye, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1971, tí ó wà ní ipò kẹfà tẹ́lẹ̀, ni ó bọ́ sí ipò kìíní. Sgt. Pepper já sí ipò 24. Láàárín ọdún 17 yẹn, kò sí ohùn kan ṣoṣo tí ó yí padà nínú àwo méjèèjì. Àwọn tí ń gbọ́ ọ ni ó yí padà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti rí báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá ìdí rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdí kìíní ni pé ẹ̀kọ́ ni etí ń kọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹnu ti ń kọ́ èdè. Ní 2016, ọ̀mọ̀wé Josh McDermott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìmọ̀ Nature. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn Tsimane', ẹ̀yà kan tí ń gbé inú igbó ilẹ̀ Bolivia ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí orin òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ dé. Wọ́n lu àwọn ohùn àpapọ̀ tí ó dùn létí òyìnbó fún wọn, wọ́n tún lu àwọn tí ó kan létí òyìnbó bí ọsàn tí kò pọ́n. Àwọn Tsimane' ní bákan náà ni àwọn méjèèjì dùn. Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ti rò pé a dá mọ́ gbogbo ènìyàn, a wá rí i pé bí a ti tọ́ etí dàgbà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àwa náà mọ èyí láìlọ sí Bolivia. Bí gángan bá dún, ọ̀rọ̀ ni ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ń gbọ́. Ìró lásán ni ẹni tí kò gbọ́ ọ ń gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ sí òkè òkun, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí ẹ bá lu orin ilé fún wọn tí wọn kò sì kà á sí, ó lè jẹ́ pé ìlù nìkan ni ẹ gbé fún wọn, tí ẹ gbàgbé láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ìdí kejì ni ìgbà àti àsọtúnsọ. Àwọn baba wa ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ní 1968, ọ̀mọ̀wé Robert Zajonc ní Amẹ́ríkà fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ènìyàn bá ń bá ohun kan pàdé léraléra, ohun náà a máa wọ̀ ọ́ lójú sí i, bí kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ní 1989, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Holbrook àti Schindler, lu orin 28 tí ó lókìkí láti 1932 títí dé 1986 fún ènìyàn 108, ọmọdé àti àgbà. Wọ́n rí i pé orin tí ó gbajúmọ̀ nígbà tí olúkúlùkù wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 24 ni ó máa ń dùn mọ́ ọn jù lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí olúkúlùkù wa ronú orin tí ń lọ nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún 24. A rí ẹ̀rín lẹ́nu àwọn ìyá wa! Nígbà náà, bí bàbá ẹni 70 ọdún àti ọmọ ẹni 20 ọdún bá jọ gbọ́ àwo kan tí ó jáde lánàá, báwo ni ìgbọ́ wọn yóò ṣe dọ́gba?

Ìdí kẹta ni ẹnu ayé. Ní 2006, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Salganik, Dodds àti Watts, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìmọ̀ Science. Wọ́n kó orin 48 jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn olórin tí a kò mọ̀, àwọn olùgbọ́ tí wọ́n ju 14,000 lọ sì gbọ́ wọn. Àwọn kan dá gbọ́ láìmọ ohun tí ẹnikẹ́ni yàn. Wọ́n pín àwọn yòókù sí agbo mẹ́jọ, agbo kọ̀ọ̀kan sì ń rí iye àwọn ará agbo tirẹ̀ tí wọ́n ti mú orin kọ̀ọ̀kan. Orin kan tí ó wà ní ipò 26 lọ́dọ̀ àwọn tí ó dá gbọ́, ó bọ́ sí ipò kìíní nínú agbo kan, ó sì já sí ipò 40 nínú òmíràn. Bí àwọn àkọ́kọ́ bá ti yí sí apá kan, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn a tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì: orin tí ó dára gidi kì í sábà ṣubú pátápátá, èyí tí kò dára rárá kì í sì í sábà gòkè. Nítorí náà, ìyìn kì í ṣe irọ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òtítọ́ pátápátá. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìyìn a sì tún máa ṣe ibi kan: a máa gbé ìrètí ga jù. Ẹni tí a sọ fún pé yóò gbọ́ orin tí irú rẹ̀ kò sí láyé, bí ó bá gbọ́ orin rere lásán, yóò ní wọ́n tan òun jẹ.

Ìdí kẹrin ni iṣẹ́ tí a fẹ́ kí orin ṣe fún wa. Ẹnìkan fẹ́ jó; ẹnìkan fẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn; ẹnìkan ti ibi iṣẹ́ dé, ó fẹ́ kí ara òun balẹ̀. Lámèyítọ́ ní tirẹ̀ ń gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwo lọ́dún, ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ti sú u, nítorí náà ohun tuntun ni etí rẹ̀ ń wá. Ẹni tí ń ra àwo kan lọ́dún kò tí ì yó ohun tí ó ti mọ̀. Kí ni yóò fi ohun tuntun ṣe?

Níhìn-ín ni a fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ní kí àwọn ọmọ kíláàsì wa kọ àròkọ lórí orin tí wọ́n fẹ́ràn. Ọmọkùnrin kan kọ tirẹ̀ lórí Made in Lagos, àwo tí Wizkid gbé jáde ní 2020. Ọmọ náà kọ ọ́ tọkàntọkàn. Àwa gbé yíǹkì pupa, a kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀ pé, "Èyí kì í ṣe orin," a sì fún un ní máàkì kékeré. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà kò ti kọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wa mọ́. Ohun tí ó mọ̀ pé a fẹ́ kà ni ó ń kọ, títí ó fi jáde.

Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tí a wọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Kí àwọn tí yóò tún un ṣe tó dé, wákàtí mẹ́ta ti lọ, àwo kan náà ni awakọ̀ sì ń lù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwo ọmọ náà ni. Nígbà àkọ́kọ́, inú bí wa. Nígbà kejì, a kò fiyè sí i mọ́. Nígbà kẹta ni a gbọ́ fèrè sáksófóònù kan tí ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ohùn rẹ̀, a sì rí i pé ẹni tí ń kọrin kò yára nítorí pé kò fẹ́ yára ni. A wá nọ́ńbà ọmọ náà, a bẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó fi dá wa lóhùn kò ju, "Ẹ ṣé, sà" lọ. A kò ní purọ́ fún yín, àwo náà kò di ààyò wa. Bí ọkàn wa bá wúwo, Haruna Ishola ni a ṣì ń gbé sí i. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé a ṣe àṣìṣe, a sì mọ irú àṣìṣe tí a ṣe.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀gá wa kan a máa wí pé bí ìdáhùn ọmọ kò bá bá ìbéèrè mu, kí a kọ́kọ́ wádìí irú ìbéèrè tí ọmọ náà gbọ́ kí a tó fa igi pupa sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ni kọ́kọ́rọ́ ohun tí a wá sọ lónìí. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nídìí àwo orin, kì í ṣe ẹyọ kan. Ìkíní: ǹjẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà dára? Ìkejì: ǹjẹ́ ó mú ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ wá? Ìkẹta: ǹjẹ́ ó bá ọkàn mi mu?

Ìbéèrè kìíní, a lè jókòó pọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí okùn gìtá kò bá ṣe déédéé, bí ohùn ìlù bá ta ko ohùn ọ̀rọ̀, ọmọdé àti àgbà tí ó mọ̀ ọ́n yóò gbọ́. Ìbéèrè kejì ń fẹ́ ẹni tí ó mọ ohun tí ó ti wà ṣáájú. Níbẹ̀ ni lámèyítọ́ ti wúlò. Ìbéèrè kẹta, kò sí ẹni tí ó lè bá ẹlòmíràn dáhùn rẹ̀. "Ó wù mí, kò wù ọ́" ni kì í jẹ́ kí ọmọ ìyá méjì pa owó pọ̀ fẹ́ ìyàwó. Ìjà máa ń dé nígbà tí ẹnìkan bá ń dáhùn ìbéèrè kan tí ẹnì kejì rẹ̀ sì ń dáhùn òmíràn. Lámèyítọ́ New York dáhùn ìbéèrè kejì lórí Juju Music. Bàbá wa dáhùn ìkẹta. Àwa gan-an, ìkẹta ni a dáhùn lórí àwo Wizkid, ṣùgbọ́n a fi yíǹkì pupa kọ ọ́ bí ẹni pé ìkíní ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ó kàn yín! Ní oṣù kẹrin 2022, nígbà tí ẹ̀bùn Grammy fún àwo orin àgbáyé kò bọ́ sọ́wọ́ Wizkid, tí Mother Nature ti Angélique Kidjo gbà á, mélòó nínú yín ni ó gbọ́ àwo ìyá náà kí ẹ tó bú u? Ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni, ó ń fi èdè Yorùbá kọrin pẹ̀lú àwọn èdè mìíràn, ó sì pe àwọn ọ̀dọ́ olórin ilẹ̀ wa, Burna Boy àti Yemi Alade, sínú àwo náà gan-an. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àwo tuntun wá sílé, ẹ má ṣe fi ìyìn ayé lù wá lórí. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ nínú rẹ̀ fún wa, kí ẹ sì tọ́ka sí ibi tí kí a tẹ́tí sí. Ẹ̀yin àgbà, bí orin kò bá dùn mọ́ yín, ẹ ní, "Kò tí ì wọ̀ mí létí." Ẹ má ṣe ní, "Kì í ṣe orin." Òyìnbó ni ó gbé gìtá wá bá wa, ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì sì ni gángan wọ inú jùjú, ohun tí à ń pè ní orin àtijọ́ lónìí, tuntun ni ó jẹ́ ní ọjọ́ kan, ẹnìkan sì ní sùúrù gbọ́ ọ. Kí gbogbo wa sì gbọ́ àwo lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a tó dá a lẹ́jọ́. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò sì wọ̀ wá, kí a yọ ọ́ kúrò pẹ̀lú àlàáfíà, kí á má sì bínú sí ẹni tí ó wọ̀.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti pinnu pé ní alẹ́ òní, àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan yóò máa yan orin ní yíyàn-ní-ìdàkejì-ara-wọn, ẹni tí ó bá sì yan orin ni yóò dìde sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn méjì kí wọ́n tó gbé e sí ẹ̀rọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀bẹ̀ kan ni a fi kún un nítorí àwọn ọmọ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ òjò: ní ọdún yìí, ẹ jọ̀wọ́, kí àwo owó ṣáájú àwo orin.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa máa gòkè sí i. Kí a má fi ọ̀rọ̀ orin pàdánù ara wa.